Ìwé Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Ò Lè Tọ́mọ

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí, àwọn olùkọ́ Sọ́ńdè skúùlù àti àwọn ààfáà ilé-kéú sọ rèé, níbi ìpàdé kan lórí ìwé kíkà níbí ní Ìbàdàn. Àwọn kan ní òjò ò jẹ́ káwọn gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáadáa, pé kí n kọ ọ́ síta. Mi ò tún un ṣe púpọ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyí.)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Òjé wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Mọ́níyà wá, tó jẹ́ máíkírà méjì lẹ wọ̀ kẹ́ ẹ tó débí, ẹ kú wàhálà, a ò ní fi wàhálà pàdé o. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ jókòó síwájú níbí, ẹ káàárọ̀. Ẹ ò dáhùn! Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ̀hẹ́ẹ̀n, mo gbọ́ yín báyìí.

Ìbàdàn mesí ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Ta ló kàwé sí yín létí kẹ́yìn? Mi ò sọ ti wàásù o, mi ò sọ ti rédíò. Mò ń sọ ti ẹni tó jókòó tì yín, tó ṣíwèé, tó kà á sókè, tẹ́yin ń gbọ́. Ẹ ronú sí i ná. Mo rí màmá kan lẹ́yìn tó ń rẹ́rìn-ín, ó dà bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ti jìnnà gan-an.

Ìbéèrè kejì, ìyẹn wá le díẹ̀: ta lẹ̀yin náà kàwé sí létí kẹ́yìn?

Ẹ dákẹ́. Kò burú. Ohun tó gbé mi wá náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù fún yín. Nílé tí wọ́n bí mi sí ní Òkè-Àdó, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà ní pálọ̀, àwo àlejò ló wà nínú ẹ̀, èyí tí àwa ọmọ ilé ò fi jẹun rí láyé wa. Àárín àwọn àwo yẹn ni wọ́n gbé Bíbélì ńlá kan sí, aláwọ dúdú, etí ẹ̀ pupa, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ bàbá mi. Lẹ́yìnkùlé, lápá ibi tí bàbá bàbá mi ń gbé, ààfáà làwọn, Kùránì wọn wà nínú aṣọ funfun, wọ́n gbé e kọ́ sórí ìṣó lókè níbi tọ́wọ́ ọmọdé ò lè dé. Ẹ ṣáà mọ ilé Ìbàdàn, ẹ̀sìn méjèèjì ló ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, tí Kérésì bá dé a jẹ, tí Iléyá bá dé a tún jẹ, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀sìn ẹran. Ìwé méjèèjì yẹn, a bọ̀wọ̀ fún wọn, a bẹ̀rù wọn, bí nǹkan bá sọnù wọ́n á ní ká wá fi búra. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí nígbà yẹn pé kí ló wà nínú wọn, màá kàn máa wò yín ni.

Bíbélì tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, òmíràn ni. Ti ìyá ìyá mi ni. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, epo àkàrà ti ta sí Jẹ́nẹ́sísì títí dé Ẹ́kísódù, òwú dúdú ni wọ́n fi rán an. Ìyá àgbà dàgbà kí wọ́n tó kọ́ ìwé kíkà, kíláàsì alẹ́ tí wọ́n ń ṣe fágbàlagbà ni wọ́n lọ, Yorùbá nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Ìka ọwọ́ wọn á wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n á máa kà á ní ìkọ̀ọ̀kan, Jó, sẹ́, fù, bí ojú wọn bá ṣìlà wọ́n á padà lọ mú un láti òkè, nítorí náà ẹsẹ kan náà a lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ má rò pé ó ń sú wa o. Ìfàsẹ́yìn yẹn ló jẹ́ kó dùn, torí a ò mọ̀ bóyá Jósẹ́fù á bọ́ tàbí kò ní í bọ́, ìka ìyá àgbà ò sì tíì débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní láti sọ nìyẹn. Ìwé ẹ̀sìn, ẹnu àti etí ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, ìwẹ̀fà ará Etiópíà yẹn wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó ń ka Àìsáyà. Báwo ni Fílípì ṣe mọ ohun tó ń kà? Ó gbọ́ ọ ni! Bíbélì ní ó gbọ́ tó ń kà á. Ọkùnrin yẹn dá wà nínú aginjù o, ó sì ń kàwé sókè. Ká ní ó kà á sínú bíi tiwa báyìí ni, Fílípì á kàn kí i pé ẹ kú ọ̀nà, á sì kọjá. Fílípì wá bi í, ó ní ṣé ohun tó o ń kà yé ọ? Ó ní yóò ha ṣe yé mi, bí kò ṣe pé ẹnì kan tọ́ mi sọ́nà. Ọ̀gá ni ọkùnrin yẹn o, òun ló ń ṣọ́ ìṣúra ọbabìnrin, kò tijú láti sọ pé kò yé òun.

Ẹ̀yin ààfáà wa náà mọ èyí jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ Kùránì tó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ fún Ànábì nínú ihò Hírà, kí ni? Ikra. Kà! Ẹni tí wọ́n sì ní kó kà yẹn ní òun ò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ sì wo ohun tá à ń sọ ní Yorùbá, a ní ọmọ yẹn ń ké kéú. Ké! Ẹni bá gba iwájú ilé-kéú kọjá láàárọ̀ ní Òjé tàbí Ẹlẹ́kùrọ́ mọ̀ pé àwọn ọmọ yẹn ń ké e lóòótọ́, wàláà lọ́wọ́, ariwo gbalẹ̀.

Mo fẹ́ ká yà sí Kúdẹtì níbí ní Ìbàdàn díẹ̀. Àwọn ọmọ yìí, ṣé ẹ ti dé Kúdẹtì rí? Lọ́dún 1853 ni míṣọ́nnárì ará Jámánì kan, David Hinderer, àti ìyàwó ẹ̀, Anna, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Kéú ti wà nílùú kí wọ́n tó dé, ká má parọ́ fúnra wa. Olóyè Olúnlóyọ̀ fún wọn lọ́mọ méjì kí wọ́n máa kọ́ wọn níwèé, Akínyẹlé lọ́kùnrin, Yéjídé lóbìnrin. Ẹ fi sọ́kàn pé obìnrin wà nínú àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn, torí mo mọ àwọn bàbá kan títí dòní tí wọ́n á ra ìwé fún ti ọkùnrin, wọ́n á ra ribọ́ọ̀nù fún ti obìnrin. Nígbà tógun Ìjàyè bẹ́ lọ́dún 1860, ọ̀nà dí, ẹrù ò wọlé láti etíkun mọ́, ebi mú tọkọtaya yìí àtàwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn débi pé wọ́n ń ta nǹkan ilé jẹun.

Hinderer yìí ló túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá, Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ẹ̀yin àgbà á rántí ẹ̀. Bunyan fúnra ẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n nílùú Gẹ̀ẹ́sì torí ó ń wàásù láìgbàṣẹ, 1678 ni apá àkọ́kọ́ ìwé yẹn jáde, ìtàn ọkùnrin kan tó gbẹ́rù sẹ́yìn, tó ń rìnrìn-àjò lọ sílùú ọ̀run, tó já sẹ́rẹ̀, tó bá òmìrán pàdé, tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan padà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ẹ̀wọ̀n, ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ mọ ebi. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀ ná, màá padà wá mú un.

Ẹ sì má gbàgbé Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ tó di odindi Bíbélì Yorùbá lọ́dún 1884. Kùránì ní Yorùbá, ọdún 1906 ni àlùfáà ìjọ Kírísítì kan, M. S. Cole, gbé tiẹ̀ jáde, àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn wá ṣe tiwọn lẹ́yìn ìgbà náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé láyé ijọ́un, ta ló ń ka àwọn ìwé yìí? Ọmọ ni. Bàbá ò mọ̀ ọ́n kà, ìyá ò mọ̀ ọ́n kà, ọmọ tó lọ sílé-ìwé ló máa wá jókòó lálẹ́, á kà á fún wọn, bàbá á ní dúró ńbẹ̀ yẹn, tún un kà. Àwa tá a wá mọ̀ ọ́n kà nísinsìnyí, kálukú wa ń ka tiẹ̀ lórí fóònù ní kọ̀rọ̀ ẹ̀, ọmọ ń wo kàtúùnù. Àbí mo parọ́?

Ó dáa. Mo bọ́ sí ìkejì báyìí, ọ̀rọ̀ ìbéèrè ọmọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kà á débi tí wọ́n ti ta Jósẹ́fù ní ogún owó fàdákà. Àbúrò mi, kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé owó tán lọ́wọ́ wọn ni?" Ìyá àgbà dákẹ́. Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Owó kọ́, ọmọ mi. Aṣọ ni."

Ẹ ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn dá sílẹ̀. Torí pé ọ̀kan nínú àwọn bàbá inú agbo-ilé wa, tó ní ìyàwó méjì, wà níbi tó ti ń mu tíì ẹ̀, ó sì ń gbọ́. Iléyá ọdún yẹn, àwọn ọmọ ìyàwó kékeré nìkan ló dá léèsì fún. Ẹnikẹ́ni ò bá a wí o, ìyá àgbà ò tiẹ̀ wo ọ̀nà ẹ̀. Wọ́n kàn ń ka ìwé wọn lọ, bàbá ọlọ́mọ mẹ́wàá-lé tó dáṣọ aláràbarà fún ẹyọ kan. Iléyá tó tẹ̀lé e, àǹkárá kan náà ni gbogbo ọmọ bàbá yẹn wọ̀, títí kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá.

Lọ́jọ́ kejì alẹ́ tí àbúrò mi bèèrè ọ̀rọ̀ yẹn, a sáré lọ bá bàbá àgbà lẹ́yìnkùlé, a ní ṣé Jósẹ́fù wà nínú tiwọn náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Yúsúfù ńkọ́, Súrà kejìlá, tó ní áyà 111, Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló pè é ní ìtàn tó dára jù. Wọ́n wá sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá. Wọ́n ní ẹ̀wù mẹ́ta ló wà ńbẹ̀: ẹ̀wù tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ irọ́ sí, ẹ̀wù tí obìnrin yẹn fà ya lẹ́yìn, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tó ti ya ló gba Yúsúfù lọ́wọ́ ẹ̀sùn, àti ẹ̀wù tí wọ́n fi sójú bàbá ẹ̀ tí ojú tí ẹkún ti fọ́ fi là. A sáré padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà, a ní aṣọ ni lóòótọ́, bàbá àgbà ní aṣọ ni! Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò bára mu níbi gbogbo, obìnrin tó fa aṣọ yẹn, ti ìyá àgbà ní Jósẹ́fù fi aṣọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ló sá. A jiyàn ẹ̀ títí a fi sùn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mi ò gbàgbé ẹyọ kan nínú ẹ̀.

Nítorí náà tọ́mọ bá bèèrè ọ̀rọ̀, ẹ má ní kó panu mọ́, kó má bi Ọlọ́run léèrè. Tí ò bá yé ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bíi ti ìwẹ̀fà, ẹ ní kò yé mi, jẹ́ ká wá ẹni tó máa tọ́ wa sọ́nà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ má fi ìwé Ọlọ́run jẹ ọmọ níyà. Nílé-ìwé kan tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tó o bá pẹ́, Sáàmù 119 lo máa dà kọ. Ṣé ẹ mọ bó ṣe gùn tó? Ẹsẹ 176! Mo dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹrin, lórí ìkúnlẹ̀. Ó lé lógún ọdún tí mi ò lè ṣí ojú ìwé yẹn, ọwọ́ á máa dùn mí. Inú Sáàmù yẹn kan náà lẹ tún ti máa rí "Ọ̀rọ̀ rẹ ni fìtílà fún ẹsẹ̀ mi" o. Fìtílà tí wọ́n fi jó mi lọ́wọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e rìn lóru? Bákan náà ni ti ẹni tó jẹ́ iná ọ̀run nìkan ló máa ń kà sọ́mọ létí lálẹ́, ọmọ á wá máa tọ̀ sílé, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èdè kíá kí n kúrò ńbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọdún mẹ́sàn-án, ka Sáàmù 23 fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń já gaara bí omi ẹ̀rọ. Mo ní kí ni shepherd? Ó ní ajá ni! Ajá ńlá tó máa ń wà nílé àwọn olówó. Inú ẹ̀ dùn, ó rò pé Ọlọ́run ni ajá tó ń ṣọ́lé òun. Mo ṣí ti Yorùbá, Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi. Ó ní, "Áà, bíi tàwọn Fúlàní tó máa ń da màálù kọjá ní Mọ́níyà." Mi ò tún ṣàlàyé kankan. Ẹ ka Gẹ̀ẹ́sì o, mi ò ní kẹ́ ẹ má kà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lédè tí wọ́n fi ń tọrọ oúnjẹ.

Ó ku tiwa, àwa àgbà. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ti ń mi orí látàárọ̀ bí ẹni pé ìyàwó yín nìkan ni mò ń bá wí, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Àwọn ìwé ìwúrí, èyí táwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní mótíféṣọ̀n, wọ́n pọ̀. Ẹ lọ sí Dùgbẹ̀, ẹ dúró nínú hóldọ́ọ̀pù ní Chálẹ́ńjì, wọ́n á nà án sí yín lójú fèrèsé. Mi ò sọ pé kò dáa, òmíì ti gbé mi dìde níbi tí mo ṣubú sí. Ṣùgbọ́n mo ra ọ̀kan lọ́dún kan, ó ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sórí pépà, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí n máa wò ó láàárọ̀ lálẹ́, pé á ṣẹ. Mo kọ mọ́tò, mo kọ ilé, mo kọ Lọ́ńdọ̀nù. Mo lẹ̀ ẹ́, mò ń wò ó. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó wo ògiri, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ògiri yìí ló máa lọ síbi iṣẹ́ lónìí ni?"

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Mo já a.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ ra ìwé bẹ́ẹ̀, mo máa ń wá ibi tí ẹkún wà nínú ẹ̀. Tí mi ò bá rí ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ti jìyà, tó ti kùnà, tó ti bi Ọlọ́run ní kí ló dé, màá dá a padà fún ọmọ tó ń tà á. Ohun tí mo fi sílẹ̀ ní Kúdẹtì lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ẹni tó mọ ẹ̀wọ̀n, ẹni tó mọ ebi, ọ̀rọ̀ wọn máa ń gbé èèyàn ró. Ẹ wo Jóòbù, tẹ́yin ààfáà ń pè ní Áyúbù. Ẹ wo Pọ́ọ̀lù nínú ẹ̀wọ̀n, ó ti darúgbó, ó mọ̀ pé àkókò àtilọ òun ti sún mọ́, ó kọ̀wé sí Tímótì, kí ló ní kó bá òun mú wá? Aṣọ òtútù tó fi sílẹ̀ ní Tíróásì, àti àwọn ìwé, pàápàá ìwé awọ. Bàbá tó ń lọ sọ́run ń bèèrè ìwé! Àwa tó ṣì ń wáyé, àdúrà tí wọ́n ní ká fọ́wọ́ọ̀dù sí èèyàn méje kí ọlá lè wọlé là ń kà.

Ẹ bi mí pé báwo wá ni ká ṣe ṣe é. Kò nira. Tẹ́ ẹ bá jẹun alẹ́ tán, 15 mínítì péré, ẹ gbé ìwé kan, ẹni kan kà á sókè, ọjọ́ kejì kẹ́lòmíì kà á. Àgbà náà á kà, ọmọ náà á kà, bó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè ẹ má gbá a létí. Tí iná bá lọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, àbí kí ni wọ́n tún ṣe é fún? Ìwé ò gbọdọ̀ wọ́n jù, ìwé àlòkù wà, ẹ wá a kiri nígboro. Èyí tó já, ẹ fi òwú rán an.

Mo rò pé ẹnu mi ti ń gbẹ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi níbí. Ẹ jókòó. Bíbélì ìyá àgbà rèé, ẹ rí epo yẹn? Ẹ má fi ọwọ́ ha á. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ kà? Ó dáa, ìwọ, mú un níbí: "Ísírẹ́lì sì fẹ́ràn Jósẹ́fù ju gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ..."

(Ọmọkùnrin náà kà á débi tí wọ́n ti gbé Jósẹ́fù jù sínú kànga tó gbẹ, ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù nawọ́. Ó ní ààfáà àwọn sọ fún àwọn pé apọnmi ló ju dòrò sí i tó fi rí Yúsúfù, ṣé apọnmi máa ń wá sí kànga tí ò lómi ni? Mo wo ààfáà, ààfáà wo màmá Sọ́ńdè skúùlù. Ààfáà ṣí Kùránì orí fóònù wọn, màmá ṣí Bíbélì, àwọn ọmọ dúró lé wọn lórí. Òjò tún bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde.)